Ẹ̀san Ridwanat ní Etí Òkun Jẹ́dà

Nígbà tí Ridwanat balẹ̀ sí Jẹ́dà láti wá sáré fún orílẹ̀-èdè Swídìn, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: Bushra, obìnrin tó kọ́ ọ ní eré ìje, tó sì lé bàbá rẹ̀ kúrò nílùú.

Àdúgbò Híndáwíyà ní Jẹ́dà ni wọ́n bí Ridwanat sí. Mùnírù, bàbá rẹ̀, ń tún ọkọ̀ ṣe ní Máhjàr. Ọkọ Bushra ni kafíìlì rẹ̀, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ tó dúró fún un lọ́dọ̀ ìjọba. Láìsí ọwọ́ ọkùnrin yìí, Mùnírù kò lè rí ìkámà, ìwé àṣẹ tí yóò fi gbé ìlú, gbà. Nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní gbangba, Bushra dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì mú Ridwanat mọ́ Nouf, ọmọ tirẹ̀. Ní ìdíje àkọ́kọ́, Ridwanat fi gbogbo wọn sẹ́yìn pátápátá. Àfi bí Bushra ṣe figbe ta:

"Olè ni! Ó gba ẹ̀bùrú! Mo rí i!"

Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Ridwanat, wọ́n gbé e fún Nouf. Mùnírù ṣí fìlà, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Bushra. Ó ní, "Ẹ mú ife náà, Màdáámù. Ẹ ṣáà má pe ọmọ mi lólè." Bushra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí ìkámà rẹ̀ parí, kafíìlì kọ̀ láti tún un ṣe, wọ́n sì dá a padà sí Ìwó. Ìbànújẹ́ ló pa á níbẹ̀.

Fáòsíátù, àbúrò ìyá Ridwanat, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Göteborg ní Swídìn, ló ní kí ọmọ náà wá bá òun. Ridwanat ń sáré lórí yìnyín, nínú òtútù tó ń ta etí bí abẹ́rẹ́. Ó ń gba ipò kìíní nílé, ó ń gbà á lẹ́yìn odi, títí wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ Swídìn. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á rántí bàbá rẹ̀ tó di fìlà mọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tún yá.

Ní àárọ̀ ìdíje Jẹ́dà, ooru òkun ti ń bo ènìyàn lójú. Bushra rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Káàbọ̀, ọmọ mi."

"Ọmọ Mùnírù ni mí," ni Ridwanat fi dá a lóhùn.

Ó lè fi Nouf, tí òun náà wà nínú ìdíje, sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró tì í. Á ki eré mọ́lẹ̀, Nouf á lé e bá. Á tún rọra, Nouf á rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Á tún ki í mọ́lẹ̀. Bushra wà lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń pariwo, "Má jẹ́ kó lọ! Tẹ̀ lé e!" Nouf sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n máa fi rí òpin ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ Nouf lọ́ mọ́ra, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ridwanat gba ipò kìíní. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń da omi yìnyín sí Nouf lórí. Àwọn oníròyìn tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà lọ́jọ́ náà," ni Nouf sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "O ò gba ẹ̀bùrú. Mo sọ fún Màmá, wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé."

"Sọ ọ́ sókè."

Nouf wo ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè. Bushra di Ridwanat lọ́wọ́ mú.

"Jọ̀ọ́, má ṣe èyí sí mi."

"Bàbá mi náà bẹ̀ yín."

Ridwanat lọ sí Mẹ́kà, ó ṣe úmúrà lórúkọ bàbá rẹ̀. Ilé Àlàájà Múríkàtù, ẹ̀gbọ́n Mùnírù, ló sùn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé wọ́n ti yọ Bushra nínú ẹgbẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì kún tòun.

Àlàájà bi í pé, "Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀?"

"Ó balẹ̀, Màmá. Ti Nouf nìkan ló ń dùn mí. Ǹ bá ti fi í sílẹ̀ kó tó ṣubú."

"Bushra ńkọ́?"

"Mi ò dárí jì í."

Àlàájà kò bá a wí. Àbúrò òun náà ló kú. Ridwanat mú fóònù, ó pe Nouf nílé ìwòsàn.

"Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti mókun, wá bá mi ní Göteborg, ká jọ máa sáré," ló wí fún un. "Ṣùgbọ́n má mú ìyá rẹ dání."