Omi tí Ọwọ́ Kò Mọ̀ Mọ́

Búrẹ́dì òwúrọ̀ kọ̀, kò wú. Gbogbo ìyẹ̀fun tí Màmá Gbígbóná pò sínú ọpọ́n dì síbẹ̀ gbagidi bí amọ̀, àwọn oníbàárà sì ti ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé láti ọjọ́ tó ti ṣí ilé búrẹ́dì rẹ̀, kò ta búrẹ́dì àná fún ẹnì kankan rí.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi ìka tẹ ìyẹ̀fun náà, ó mirí.

"Omi yẹn ló gbóná jù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti fi pa yíìsì."

"Ọ̀rọ̀ rèé! Omi tó tutù bíi yìnyín nígbà tí mo tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó yé e. Ọwọ́ ló tún purọ́ fún un, ló fi bu omi gbígbóná kún un. Láti ìgbà tí oògùn ilé ìwòsàn ti lé jẹjẹrẹ kúrò lára rẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti di oníjìbìtì: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á máa bù ú jẹ bíi yìnyín, irin ilẹ̀kùn á ta á bí agbọ́n. Dókítà ní ó lè lọ, ó lè má lọ. Jẹjẹrẹ lọ, èyí jókòó tì í bí àlejò tí kò fẹ́ relé. Ìyẹn ń bí i nínú ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ.

"Ẹ kúkú máa jókòó níwájú, kí ẹ máa tà," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Èmi á máa po ìyẹ̀fun. Ẹ ti ṣe tó."

Àánú ló wà lójú rẹ̀, àánú yẹn gan-an ni obìnrin náà kò lè fara dà. Bó bá kúrò nídìí ọpọ́n lónìí, ó mọ̀ pé òun ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

"Ta ló ní mo ti ṣe tó? Ìwọ yìí! Ìwọ tí mo wẹ̀ lọ́mọ ọwọ́, tí màmá wa ní n má gbẹ́kẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, tí mo ń ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi kí n tó gbé ẹ sí i, kí n má baà bó ẹ lára, ìwọ lo fẹ́ lé mi nídìí..."

Ó wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Da èyí tó kú yẹn nù," ló wí. "Bu omi wá. Kí o sọ fún àwọn ará iwájú pé búrẹ́dì ń bọ̀."

Ó ká apá aṣọ sókè, ó ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi. Ó bu tútù díẹ̀ sí i, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Bí a ò rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

"Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò." Àbúrò rẹ̀ nawọ́.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò! Ṣé mo bó ẹ rí ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyẹn. "Ẹ ò bó mi rí, mà."

Ó po ìyẹ̀fun tuntun fúnra rẹ̀. Gbogbo ìka rẹ̀ ń ta á, ó ń ṣépè fún wọn lábẹ́lẹ̀, ó ń pò ó lọ. Nígbà tó yá tí wọ́n ṣí aṣọ orí ọpọ́n, ìyẹ̀fun ti wú dé etí, ó rọ̀ bí òwú. Àbúrò rẹ̀ hó yèè, ó sáré lọ koná mọ́ ààrò.

Màmá Gbígbóná nu ọwọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló máa ń tẹ́ ẹ síwájú, kó bi í pé ìgbà wo ló máa padà sí bó ṣe wà. Lónìí, kò bi í. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn onírin ṣí, ó sì jáde lọ kí àwọn oníbàárà rẹ̀.