Ìwé Tí A Tẹ̀ka Sí Nínú Opó

"Tún ibẹ̀ yẹn kà," ni Ṣàkírátù wí.

Lọ́yà Abdulrazaq gbójú sókè kúrò lára ìwé tó ń túmọ̀ fún un. Èkó ló ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ súùtù dúdú nínú ooru Ìrẹmọ, ó sì ti mu omi ìgò méjì. "Ibo nínú rẹ̀, Màmá?"

"Ibi tó ti ní mo fara hàn."

Ó tún un kà. "'Ṣàkírátù Abdulwaheed, opó, tí kò mọ̀wé kọ tí kò sì mọ̀wé kà, fara hàn níwájú mi nínú ilé ẹjọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta. A túmọ̀ ìwé yìí fún un, ó yé e yékéyéké, kó tó tẹ ìka rẹ̀ sí i.'"

Ṣàkírátù mí kanlẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń dúró de kí ẹni tó lágbára ju òun lọ fi ẹnu ara rẹ̀ ka ìlà yẹn.

"Kí ni wọ́n tún pe orúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Abdulrazaq ni, Màmá."

"Ó dáa. Ọjọ́ mélòó ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú fi ń jókòó nílé nínú ẹ̀sìn wa?"

"Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta tí o kà yẹn, ọjọ́ kọkànlélógún tí ọkọ mi kú ni. Inú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ yìí ni mo wà. N kò tẹ ẹnu ọ̀nà ilé yìí títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá fi pé. Ta ló wá bá mi fara hàn ní ilé ẹjọ́?"

Lọ́yà náà fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n, Màmá, bí nǹkan bá pọn dandan, obìnrin lè jáde lọ́sàn-án. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀. Lọ bi Àáfà Abdulrahman, mọ́ṣáláṣí rẹ̀ kò jìnnà. Gbogbo Mọ́ńdè ló máa ń wá ka Kùránì lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá jáde lọ́jọ́ náà, orí rẹ̀ ni mo gbà kọjá."

Abdulrazaq pa ìwé náà dé. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló rán an wá pé kó kàn wá wo ojú ìyá arúgbó náà, kó béèrè bóyá òun ló tẹ̀ka, kó padà. Ó ti rò pé kò ní ju wákàtí kan lọ.

Wàhídì ni gbogbo Ìrẹmọ ń pe Abdulwaheed, ọkọ Ṣàkírátù. Wẹ́dà ni ní Lágere. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń jó irin pọ̀ tó tún ń tú u ká, nítorí ẹ̀rọ kan tó fẹ́ kó máa bó ẹ̀gẹ́ láìjẹ ara ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ kò sì ní ìrísí kan. Bí ọmọ aráyé ni, kálukú ló wọ́ bó ṣe wù ú. Nígbà tó rí i ṣe, ó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábùjá, wọ́n sì fún un níwèé pé ọgbọ́n orí rẹ̀ ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rọ irú rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀bẹ Wàhídì ni àwọn obìnrin elégaàrí sọ ẹ̀rọ náà. Ọdún kan kò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú un lọ.

Adésọjí Lágúnjú ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Wàhídì fún ọdún mẹ́ta. Inú ìkòkò Ṣàkírátù ló ti ń jẹun nígbà náà. Ó ti wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Ó mọ̀ dájú pé ọkùnrin kì í wọlé tọ obìnrin tó wà nínú opó, nítorí náà ìyàwó rẹ̀, Yéjídé, ló rán wọlé, pẹ̀lú ìwé òyìnbó kan àti tàdáwà ìtẹ̀ka.

"Ìyá wa," ni Yéjídé wí lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, "ẹ kàn yọ̀ǹda ẹ̀rọ náà ni, kí Ẹnjiníà lè máa bá yín bójú tó o títí ẹ ó fi jáde."

Yọ̀ǹda. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn? Bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá ní kí a yọ̀ǹda ọmọ kó bá òun ru ẹrù dé oko, ìrọ̀lẹ́ la ń retí ọmọ náà. Bí a bá sì yọ̀ǹda ọmọ fọ́kọ, ó lọ nìyẹn. Ẹnu kan náà la fi ń sọ méjèèjì. Ṣàkírátù gbọ́ ti oko. Ti ọkọ ló wà nínú ìwé. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí Yéjídé fọwọ́ hàn án, ó tún ṣàdúrà fún un.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù Lágere, níbi tí Muslimat, ọmọ Wàhídì, ti gba ẹnu iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀rọ mẹ́ta tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n kó irin, wọ́n kó ọmọ náà. Wọ́n ní ó ń jí ọgbọ́n orí Lágúnjú lò. Ọjọ́ méjì ni Muslimat lò ní àgọ́ wọn. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin wà nílé tó ń ké fún ọmú. Ọmú sì ń dà sára ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún, títí aṣọ rẹ̀ fi gan bí aṣọ tí wọ́n rì sí ògì. Nígbà tí Ṣàkírátù lọ bẹ Lágúnjú, kò dìde lórí àga.

"Màmá, ìwé ló ń sọ̀rọ̀ láyé ìsinsìnyí," ló wí. "Ẹnu ò níṣẹ́ mọ́."

Ìgbà náà ló tó mú ẹ̀dà ìwé náà tó gbà ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ bá Fikáyọ̀, ọmọ àdúgbò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà. Fikáyọ̀ kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe dé ìlà pé ó fara hàn, àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Màmá, a ti mú un. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ẹjọ́ lónìí."

"Rárá," ni Ṣàkírátù wí. "Bí olè bá gbé ewúrẹ́ tálákà, tí tálákà pariwo, wọ́n á ní kó rọra. Jẹ́ kó ta ewúrẹ́ náà fún alágbára ná."

Wọ́n rọra gba ìwé àṣẹ ogún Wàhídì ní orúkọ òun àti Muslimat, wọ́n sì fi í pamọ́. Ló bá jókòó. Lágúnjú kọ́ ilé iṣẹ́ gaàrí sójú ọ̀nà Ìbàdàn, ó to Ọ̀bẹ Wàhídì mẹ́jọ síbẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n wá sọ fún Ṣàkírátù. Ó ní, "Ó kù." Lágúnjú ra jíìpù. Ó ní, "Kò tíì tó." Lágúnjú yá owó báńkì láti fi kún ilé iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Muslimat ra ẹja wá. Nígbà tó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó fẹ́ gba àṣẹ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Lágúnjú, pé wọ́n ti mú kó búra pé òun nìkan ló ni ín, ó mọ̀ pé ewúrẹ́ ti dé ọjà. Ilé iṣẹ́ náà ló wá rán Abdulrazaq sí i.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Abdulrazaq padà sí Èkó ni Lágúnjú dé, òun àti Yéjídé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Màmá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ilé mi dàrú. Ẹ rántí pé ọwọ́ yín ni mo ti jẹun."

"Mo rántí. Ẹran méjì ni mo máa ń bù sí tìrẹ. Muslimat a máa sunkún."

"Ẹ jẹ́ ká jọ ni ín, Màmá. Ìdajì sí ìdajì."

"Èwo ni tìrẹ níbẹ̀ tí o fẹ́ bù fún mi?"

Yéjídé bú sẹ́kún. "Ìyá wa, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

"O jẹ́ ẹ dáadáa," ni Ṣàkírátù wí, ohùn rẹ̀ kò le, kò rọ̀. "Ẹ mu omi kẹ́ ẹ tó lọ. Oòrùn mú."

Àwọn ará Èkó ṣì fẹ́ ẹ̀rọ náà. Abdulrazaq padà wá sí ọ́fíìsì Fikáyọ̀ ní Lágere, ó gbé ìwé àdéhùn tó jẹ́ ojú ewé ogún dání. Ṣàkírátù ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ló gbà wọ́n. Nígbà tí Fikáyọ̀ fi kọ́kọ́ pe "yọ̀ǹda", ìyá náà gbọ́wọ́ sókè.

"Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní wọ ìwé mi. Kọ ọ́ pé mo yá wọn lò. Ohun tí a bá yá èèyàn, á padà sílé."

"Kò burú, Màmá," ni Abdulrazaq wí. "Ọdún mélòó?"

"Méje. Bẹ́ ẹ bá ṣe dáadáa, kẹ́ ẹ tún wá. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀, kó padà lọ́jọ́ náà."

"A kọ ọ́ síbí pé gbogbo Nàìjíríà àti òkè òkun."

"Òkè òkun wo? Ta lẹ ti rí tó ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀?"

Abdulrazaq rẹ́rìn-ín. "Ó lè di ọ̀la, Màmá."

"Bó bá di ọ̀la, ẹ wá béèrè lọ́la." Fikáyọ̀ fi bírò pa òkè òkun rẹ́.

Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn nìkan ni yóò máa ṣe é. Ó ní àyàfi ṣọ́ọ̀bù Muslimat. Wọ́n fẹ́ láṣẹ láti yá ẹlòmíràn lò. Ó ní ohun tí a bá yá, a kì í tún fi yá ẹlòmíràn. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sára ẹ̀rọ náà. Ó ní kí ti Wàhídì wà lókè, kó tóbi jù ú lọ. Ní ti ìpín lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, Fikáyọ̀ ló bá wọn fà á.

Ó kù ti Lágúnjú. Ó ti fọwọ́ sí i pé òun yóò jọ̀wọ́ ohun gbogbo, kí wọ́n má baà fi ẹ̀sùn ìwé èké kan òun.

"Àṣà ìwé báyìí ni pé ká fún ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ láyè," ni Abdulrazaq wí. "Oṣù mẹ́ta. Kó fi àwọn ẹ̀rọ mẹ́jọ yẹn parí ẹ̀gẹ́ tó ti ra, kó san báńkì díẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wáṣẹ́ mìíràn."

Muslimat fọwọ́ kan apá ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ fún un. Obìnrin tó lé ní ogójì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ò ṣẹ̀ wá."

"Nígbà tí ọmú rẹ ń dà sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, èwo nínú wọn ló béèrè rẹ?"

"Wọn ò mọ̀ mí, Màmá."

"Èmi náà ò mọ̀ wọ́n." Ó yíjú sí Abdulrazaq. "Ọjọ́ mélòó ni Lágúnjú fún ọmọ mi kó tó kó ọlọ́pàá dé?"

Abdulrazaq mú bírò.

"Kọ òdo síbẹ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n máa ti ilé iṣẹ́ náà, Ṣàkírátù háyà takisí lọ sójú ọ̀nà Ìbàdàn lẹ́yìn ìrun. Ó ní kí awakọ̀ dúró ní òdìkejì géètì, kó pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú gèlè funfun rẹ̀, ó ń wò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde ní méjìméjì. Ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì bó wà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti ń dúdú. Lágúnjú dúró láìdé fìlà, kò rí i. Nígbà tí wọ́n fi àgádágodo sí géètì, ara Ṣàkírátù fúyẹ́ bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Àwọn obìnrin náà tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn, tó gbọ́mọ pọ̀n, sọdá wá síbi takisí.

"Ẹ káàsán, Màmá. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sígboro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé Sábó. Mi ò lówó ọkọ̀ lọ́wọ́."

Ṣàkírátù sún fún un. Obìnrin náà sọ ọmọ kalẹ̀ sórí itan, ó ní Fàòsíyà ni orúkọ òun. Ọmú ni ọmọ náà ń wá. Ó fún un.

"Wọ́n lé yín ni?" ni Ṣàkírátù béèrè.

"Wọ́n tì í ni, Màmá. Ẹ̀gẹ́ tí mo bó láti Mọ́ńdè, wọn ò san án. Ẹnjiníà ní kí n lọ gbà á lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìrẹmọ, pé òun ló ní kí wọ́n tì í." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ọmọ rẹ̀. "Mi ò mọ ìyá náà rí. Ohun tó ṣe fún wa yìí, kí Ọlọ́run má ṣàì san án fún un."

Awakọ̀ wo Ṣàkírátù nínú díńgí, nítorí òun mọ ẹni tó gbé.

"Àmín," ni Ṣàkírátù wí. "Máa wakọ̀ lọ."