Páálí Tí Kò Sọnù

Awakọ̀ náà kan ilẹ̀kùn, kò sì sá. Nǹkan tuntun nìyẹn. Láti ìgbà tó ti ń já ẹrù sí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àdúgbò yìí, bó bá ti kanlẹ̀kùn, á gbé páálí sílẹ̀, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì ti délẹ̀ kí onílé tó rí sálúbàtà wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń buwọ́ lùwé fún un, òun náà kì í béèrè. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ọ̀gá rẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin kan ti fẹjọ́ sùn pé léraléra ni ẹrù tí òun ń fi ránṣẹ́ sí ìyá òun kì í débẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò pè é lólè o, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹrù náà ò bá di rírí lónìí, kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ló ti ń ráyè kọrin, nítorí ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó dákun má kọ ọ́ nílé mọ́.

Ó kan ilẹ̀kùn náà títí. Nígbà tí ìyá ṣí i, yẹtí kan wà létí rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́. Awakọ̀ kí i, ó rojọ́, ó fi fọ́tò hàn án: páálí rèé, ẹní ìnusẹ̀ yín rèé. Ìyá wo fọ́tò, ó wo ilẹ̀kùn tó kọjú sí tirẹ̀, ó ní kó rọra wọlé.

Gbogbo ẹrù náà ló wà lórí tábìlì: bàtà, kọ́ọ̀bù, aṣọ òtútù. Inú bí awakọ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun lásán ni?

Ìyá ò lè wò ó lójú. Ó ṣàlàyé pé bàbá ọ̀kánkán, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ló máa ń gbé páálí òun wọlé kí wọ́n má baà jí i. Nígbà tí òun kọ́kọ́ lọ gbà á, ó fún òun ní tíì, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà náà, bí òun bá ti gbọ́ kọ̀ọ̀kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun á jókòó jẹ́ẹ́ títí bàbá á fi gbé e. Bí ọmọ òun bá pè kí òun tó lọ gbà á, òun á ní kò tíì dé ọwọ́ òun. Irọ́ ṣá kọ́.

"Tí mo bá buwọ́ lùwé fún ẹ báyìí," ìyá ní, "kí ni mo fẹ́ lọ gbà lọ́wọ́ bàbá?"

Ẹ̀rín pa awakọ̀, kó tó rántí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó sọ ohun tí ọ̀gá sọ. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa bàbá yìí, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́, ní irú ọjọ́ orí tó wà. Síbẹ̀, ó gbé fóònù, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú awakọ̀.

Ohùn ọmọ jáde nínú fóònù: "Mọ́mì, ṣé ó máa ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Gan-an ni," ìyá dáhùn.

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun á pe ọ̀gá awakọ̀ kíá. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi pè pé ọ̀rọ̀ ti parí, kó máa báṣẹ́ lọ. Inú awakọ̀ dùn débi pé orin fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku páálí òní. Ó yọ bírò, ìyá mi orí, ó sì rọra tì í síta. Awakọ̀ gbé páálí sílẹ̀, ó yà á ní fọ́tò, ó kanlẹ̀kùn, ó sá. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà àtẹ̀gùn, ó dúró. Kò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti lọ rí.

Ilẹ̀kùn bàbá ṣí. Sálúbàtà wọ́ jáde, ó wọ́ padà, ilẹ̀kùn sì pa dé. Awakọ̀ ń retí kí sálúbàtà náà wọ́ lọ sínú ilé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀ kí ìyá tó jáde, ó kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Kó tó sọ ọ́ tán, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni bàbá dúró sí láti ìgbà tó ti gbé páálí wọlé.