Omi Inú Ọgbà Delfino

Ogójì ọdún ni Delfino Archibeque fi tọ́jú ọgbà ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ ní abúlé Tres Piedras. Ògiri amọ̀ kan péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu pé ọrọ́ lè gbé ibi tí yìnyín ti ń bo òrùlé, Delfino á sì rẹ́rìn-ín.

"Òtútù kì í pa á, omi ló ń pa á. Tí a bá ti kórè ata tán, kí òtútù tó dé, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Á súnkì, á hunjọ bí ojú àgbà, á sì yè. Èyí tó bá mumi yó, omi ikùn rẹ̀ á dì, á sì bẹ́."

Lọ́dún tó kọjá, iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ó kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ ajá wọn, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà ilé ìjọsìn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, mo rí i láàárọ̀ tó ń fi rọ́bà bomi rin ọgbà. Lọ́sàn-án, ó tún wà níbẹ̀. Eufelia, ìyàwó rẹ̀, jáde sí i.

"Arúgbó mi, o ti bomi rin wọ́n láàárọ̀ o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o ò rí i pé wọ́n ń súnkì ni? Òùngbẹ fẹ́ pa wọ́n!"

"Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń ní ká jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọ́n."

"Èmi kẹ̀? Àbí o rò pé orí mi ti dàrú ni?"

Eufelia wá bá mi lẹ́bàá ògiri.

Ó bẹ̀ mí, mo fi sípánà ti ẹ̀rọ omi ìta pa. Lọ́jọ́ kejì, Delfino ń fi garawa ilé ìdáná gbé omi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Belarmina," ó pè mí, "ìyàwó mi fẹ́ pa àwọn ọmọ mi."

Eufelia dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí omi náà padà.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ló máa kú o," mo wí.

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá máa bá a ja garawa gbà lójoojúmọ́ ni? Kó bomi rin ín."

Òtútù ọdún náà ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí yìnyín yọ́ lóṣù kẹta, àwọn ọrọ́ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àgbá ti dúdú, wọ́n ti rì wọlẹ̀ bí tòmátì tó rà. Òórùn rẹ̀ ń wọlé bá mi. Èyí tó ń yọ òdòdó pupa, tí Delfino fi hóró gbìn lọ́dún tí wọ́n bí Ramona ọmọ wọn, ti tú ká.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, orí Delfino pé dáadáa, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tẹ ọ̀kan, omi pupa rúsúrúsú sun jáde.

"Ẹnìkan bomi rin wọ́n lẹ́yìn ìkórè ata," ó wí. Ó gbójú sókè. "Ta ni?"

Èmi wà lẹ́bàá ògiri, mo ń wolẹ̀. Eufelia nu ọwọ́ sára épúrọ̀ọ̀nù rẹ̀.

"Èmi ni."

"Ogójì ọdún! Ewúrẹ́ tó bá gbé ọ̀dọ̀ mi fún ogójì ọdún, ó yẹ kó ti mọ̀!"

"Òótọ́ ni. Mi ò ronú ni. Má bínú."

Mo la ẹnu, Eufelia fojú kìlọ̀ fún mi, mo pa á dé.

Nígbà tó di ọ̀sán, Delfino pariwo pé, "Gbé ọ̀bẹ wá, àti ìbọ̀wọ́! Wá wò ó, kí o má baà tún ṣe é mọ́." Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń gé ibi tó rà kúrò títí ara tútù á fi hàn, bí wọ́n ṣe ń sá a sí òrùn kó gbẹ kí wọ́n tó gbìn ín. Ègé mọ́kànlá ni wọ́n rí gbà là.

Nígbà tó wọlé lọ fọwọ́, mo bi Eufelia pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́.

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún?" ó dáhùn. "Ẹni tó bomi rin wọ́n ò sí nílé lónìí."

Wọ́n ní kí n bá àwọn jẹun. Nídìí ẹ̀wà àti ata tútù, mo rí i pé Delfino ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọgbà. Ó ṣì ń wo ìyàwó rẹ̀ kọ̀rọ̀.

"Kí ni mo ṣe?" Eufelia bi í.

"Mi ò mọ̀," ni Delfino wí. "Inú ṣáà ń bí mi sí ẹ."

Eufelia tún bu ẹ̀wà fún un.