Ìjókòó Iwájú

Ojú ló ń ra mọ́tò, ìdí ló ń gbé inú rẹ̀. Bí Oníjòókòó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tú ìjókòó ọkọ̀ palẹ̀, kó yọ fóòmù tó ti wó dànù, kó fi tuntun sí i, kó sì rán awọ bò ó. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tó fara ti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan. Ó ti rí àwọn tó ń ra ọkọ̀ títí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ yóò yí i po, yóò fọwọ́ pa iná iwájú rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, yóò gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ, yóò wá ní, "Ẹ wo ojú ẹ̀!" Kò ní jókòó sínú rẹ̀. Tó bá di oṣù kẹta, á gbé ẹ̀yìn ríro wá bá Oníjòókòó.

Òun fúnra rẹ̀ kò ní ojú yẹn. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Àpótí. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pé ṣánṣán, iwájú rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bí ẹni tó sáré lọ forí sọ ògiri. Ṣùgbọ́n Àpótí kò já a kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òun ló fi gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo lọ síléèwé láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú, òun náà ló sì fi ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ tuntun, ilé gíga onígíláàsì kan láàárín ìlú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ náà ní, "Bàbá mi, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ ní kọ́nà yẹn. Màá fẹsẹ̀ rìn."

"Kí ló dé, Ìyá mi? Ẹnu ọ̀nà ò ṣáà jìnnà."

"Mo kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni."

Ìyá mi ló máa ń pè é, torí pé ó jọ ìyá tó bí òun, ìrìn àti ohùn. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò béèrè mọ́. Ká sòótọ́, ó ń bẹ̀rù ọmọ yìí. Láti ọjọ́ tó ti wọ iléèwé gíga ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà á: ẹ̀rù ìwé tó ń kà, ẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan yóò sọ ọ̀rọ̀ kan tí bàbá ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Ẹni tó ń bẹ̀rù sì máa ń ríran ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí ọmọge méjì tí bàtà wọn ń ró ko-ko-ko. Wọ́n nàka sí Àpótí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó rí ọmọ rẹ̀ náà. Ọmọ náà yíjú sí ògiri, bí ẹni pé kì í ṣe inú mọ́tò yẹn ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Mọ́tò yìí ni," ó sọ fún mẹkáníìkì. "Ojú rẹ̀ ló ń ti ọmọ yẹn."

Mẹkáníìkì jáde láti abẹ́ ọkọ̀ tó wà. "Àpótí? Àpótí tí injínnì rẹ̀ ń mí bí ọmọ tó yó? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dán an wò. Wọ́n ní ìwà lẹwà."

"Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì ra mọ́tò rí."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń pariwo ìdí, ìdí?"

"Ìdí tèmi kọ́ la ń sọ. Ojú ọmọ mi là ń sọ."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Nígbà tó rí i pé ẹnì kejì kò bá òun rín, ó padà sábẹ́ ọkọ̀.

Oníjòókòó ta Àpótí. Ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì kún un. Ọjọ́ tó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, ó kọ́kọ́ fi aṣọ nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu géètì, torí ó ń bẹ̀rù ẹni tó ń tajà pàápàá. Wọ́n fi èyí hàn án, wọ́n fi tọ̀hún hàn án. Ó gbìyànjú láti yá ojú ọmọ rẹ̀ lò. Ó yí ọkọ̀ po. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtìjú mú un díẹ̀. Ìgbà tó dé ìdí ọkọ̀ dúdú kan tó ń dán, ó dúró. Òrùlé rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn bí ẹ̀yìn ẹni tó ń kúnlẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ tínrín, bí ojú ọlọ́lá tí kò ráyè ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó sínú rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì sọ òótọ́ fún un lójú ẹsẹ̀: fóòmù ti kú. Ó rà á bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì ṣí iwájú ọkọ̀, ó tẹ́tí sí i. "Ojú ẹ̀ dáa," ó ní.

"Injínnì ńkọ́?"

"Mo ní ojú ẹ̀ dáa, ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Oníjòókòó fi rán ìjókòó iwájú, èyí tí kì í ṣe ti ẹni tó ń wakọ̀. Kò wọn ọmọ rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yìn ọmọ ẹni la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọn? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, láti ọjọ́ náà, bó bá ti jókòó pẹ́, apá òsì ló máa ń fì sí. Nítorí náà ó fi fóòmù líle sí apá òsì nísàlẹ̀, ó fi èyí tó rọ̀ lé e, ó gé e, ó tún un gé, ó jókòó síbẹ̀, ó fì sósì bí ọmọ rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó dìde, ó tún un tú. Awọ aláwọ̀ eérú ló fi bò ó, ó sì fi òwú aláwọ̀ ewé rán etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Awọ ò kù tó yóò kan ìjókòó tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ti ẹ̀yìn. Ó fi aṣọ lásán bò wọ́n. Ta ni yóò jókòó sẹ́yìn? Àwọn méjì náà ni wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ jáde, ó figbe ta.

"Bàbá mi! Ta ló ni í?"

"Tiwa ni."

Ó yí ọkọ̀ po. Ó fọwọ́ pa iná rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Háà! Ẹ wo ojú ẹ̀!" Oníjòókòó rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ wọlé síwájú, ó ń tẹ bọ́tìnnì èyí, ó ń tẹ tọ̀hún, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

"Ó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn níbi tóo jókòó sí?"

"Ó dáa, Bàbá mi," ó ní, kò sì gbójú kúrò lára dígí.

Wọ́n dé kọ́nà. Ọmọ kò sọ pé kó dúró. Oníjòókòó mú ẹnu rẹ̀ le kó má bàa rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ gba géètì wọlé, ẹ̀ṣọ́ sì gbọ́wọ́ sókè kí wọn. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti ń fi ọ̀rọ̀ kan kọ́ra: *Ẹ káàárọ̀ sà, èmi ni bàbá rẹ̀.* Ó paná ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀ torí pé inú rẹ̀ dùn.

Ọkùnrin onítáì kan ń bọ̀. Ó dúró, ó wo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Ìwọ rèé! Ìwọ lo lọkọ̀ yìí?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Tiwa ni sà," ọmọ ní.

"Ó tún ní dẹ́rẹ́bà! Ẹ gbà mí o. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ẹ, èmi ni mò ń wa ara mi kiri."

Ọmọ dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ò ju ìgbà tí abẹ́rẹ́ fi ń gba inú awọ kọjá lọ. Oníjòókòó ti lanu.

"Ẹ̀n... bẹ́ẹ̀ ni sà," ọmọ ní. "Dẹ́rẹ́bà wa ni. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti balẹ̀. Ọmọ gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ojú náà ń bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. Oníjòókòó kò rí ẹ̀rù lójú ọmọ yìí rí. Ó rò pé òun nìkan ló ń bẹ̀rù nínú ilé wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà," ó ní. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kò mọ ẹni tó kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń pa á dé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ń padà lọ, ó ń yí i lọ́kàn. Bó bá jẹ́ Àpótí ni, ta ni ìbá pè é ní dẹ́rẹ́bà? Mọ́tò tó burẹ́wà, ẹni tó ni ín ló ń wà á. Òun ló fi owó ara rẹ̀ ra ojú tó dára tó báyìí.

"Kí ni wọ́n wí?" mẹkáníìkì bi í. "Ojú wọn ò yọ bọ́?"

"Wọ́n ní ó dáa."

Lọ́jọ́ náà ó rán ẹ̀yìn awọ síta, ó ní láti tú u.

Aago márùn-ún, ó ti dé. Ọmọ ń bọ̀, ọkùnrin onítáì tẹ̀lé e. Oníjòókòó na ọwọ́ ṣílẹ̀kùn iwájú. Ọmọ kọjá lára rẹ̀, ó ṣí ti ẹ̀yìn, ó wọlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí níyànà ilé epo," ọkùnrin náà ní. "Mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síwájú, òyì máa ń kọ́ mi lẹ́yìn."

Ó jókòó. Ó tún ìdí gbé.

"Háà, ìjókòó wo nìyí? Ó gbá èèyàn mú níbàdí bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n! Ta ló rán an?"

Oníjòókòó wo dígí. Ọmọ ń wo ìta.

"Ẹnì kan ni, sà."

"Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi."

"Ó jìnnà díẹ̀, sà."

"Bàbá, ẹ lọ́mọ?"

"Ọ̀kan ni, sà. Obìnrin."

"Ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì."

"Ẹ kú oríire o. Ó ń tọ́jú yín?"

Nínú dígí, ọmọ ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ń tọ́jú mi gan-an, sà."

"Ọmọ tó mọ ẹni tó bí i nìyẹn," ọkùnrin náà ní. Wọ́n dé ìyànà, ó dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

Oníjòókòó kò wa ọkọ̀. "Ìyá mi," ó ní, "bọ́ síwájú."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀yìn ń dùn ẹ́ níbẹ̀ yẹn. Mo mọ̀. Fóòmù ibẹ̀ ò dáa."

"Àwọn ará ọ́fíìsì wa máa ń gba ibí kọjá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Ó wà á lọ. Ó ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń fa ikun símú, ó ń rí i nínú dígí bó ti ń fì sí apá òsì. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ tó bá ń sunkún nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Wọ́n rìn títí.

"Bàbá mi."

"Ìyá mi."

"Ẹ̀wù funfun yẹn, èyí tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀ ọ́ lọ́la. Funfun làwọn dẹ́rẹ́bà ọ́fíìsì wa ń wọ̀."

Oníjòókòó rọra gba kòtò kan kọjá, kó má bàa gbọn ẹni tó wà lẹ́yìn jìgìjìgì.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ọrùn rẹ̀ ti há mọ́ mi díẹ̀. Màá tú u, màá tún un rán."