Kọ́kọ́ Yọ Àwọn Aláàwẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tẹjú ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ọ̀gá fún àwọn tó ń di bísíkíìtì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ wọn, nítòsí Dópẹ̀mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òfin gbà. Bó bá tún fìdí rẹmi lọ́jọ́ Ẹtì, ìdí páálí ni yóò wà títí.

Irú ìṣirò kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó ṣí ìwé sórí tábìlì kantíìnì, ó kà á síta:

"Òṣìṣẹ́ ogójì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ń mu tíì, mọ́kàndínlógún ń mu kọfí, mẹ́jọ kì í mu ìkankan. Mélòó ló ń mu méjèèjì?" Ó ro ó pọ̀. "Mẹ́rìnlélógójì. Yọ ogójì, ó ku mẹ́rin. Ìwé yìí ń pè é ní méjìlá. Irọ́ ni."

Ìyá Sànní, ará Ìjẹ̀bú tó ń se oúnjẹ fún wọn, ń fọ ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò jókòó ní kíláàsì rí.

"Tẹjú, ṣé Èkìtì ni wọ́n ti bí ẹ lóòótọ́? Àbí wọ́n ṣì ẹ́ gbé?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Sànní."

"Wá ńbí."

Ó fa abọ́ méjì sítòsí. Láràárọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ìrẹsì á ju ìdérí ìgò kan sínú abọ́ funfun. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀wà á ju tirẹ̀ sínú abọ́ pupa. Ẹni tó fẹ́ jẹ méjèèjì pọ̀ nínú àwo kan á ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni Ìyá Sànní ti ń mọ iye ìrẹsì àti ẹ̀wà tí yóò sè. Oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣẹ́kù, kì í sì í tán lójú ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́fà ni Tẹjú ti ń ju ìdérí, kò ro ó wò rí.

Ìyá Sànní ka ìdérí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí funfun, mọ́kàndínlógún sí pupa.

"Èèyàn ogójì ló wọlé. Àwo mélòó ni kí n gbé kalẹ̀?"

"Ogójì."

"Ta ló máa jẹ tàwọn tó ń gbààwẹ̀?"

Tẹjú tún wo inú abọ́ méjèèjì. Ramadan àti Lẹ́ńtì pàdé lọ́dún yẹn. Òun alára ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, kò ju ìdérí kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Kọ́kọ́ yọ àwọn aláàwẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ó ku èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n, ìdérí sì jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Ọwọ́ ta ni méjìlá tó lé ti wá?"

"Ọwọ́ àwọn tó ju méjì méjì."

"Ẹ̀ẹ́n. Gbé ìwé ẹ kúrò ńbẹ̀, mo fẹ́ ṣa ẹ̀wà."

Tẹjú ń wo ọwọ́ Ìyá Sànní. Olùkọ́ méjì ló ti ṣàlàyé ìṣirò yìí fún un, wọ́n ya ìlà, wọ́n ya òbìrí, kò yé e. Obìnrin yìí fi ìdérí ìgò ṣe é kí omi ìrẹsì rẹ̀ tó hó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀pẹ́bí, ìbéèrè kẹrin sọ̀rọ̀ nípa ọgọ́fà èèyàn tó ń ka ìwé ìròyìn méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ka ìkankan. Tẹjú kọ "aláàwẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó yọ wọ́n, ó ṣe ìyókù.

Lẹ́yìn Àjíǹde, orúkọ rẹ̀ jáde. Òkè ni àwọn ọ̀gá ti ń jẹun, Tẹjú kò lọ. Ó dé kantíìnì, ó ju ìdérí kan sí funfun, ó ju ìkan sí pupa.

Ìyá Sànní ò gbójú sókè. "Ọ̀gá, àwo kan ṣoṣo ni màá ṣì fún ẹ o."

"Mo mọ̀, mà," ni Tẹjú wí, ó sì kúnlẹ̀.