Fódà Mẹ́sàn-án fún Ìlà Kan

Ọ̀gá wa kì í rí fáìlì kó má kọ́lé lé e lórí. Ó to gbogbo kóòdù ìkànnì oníbàtà kan bí ìdílé: fódà Bàbá Àgbà lókè, Bàbá nínú rẹ̀, Ọmọ nínú Bàbá, títí dé ìpele kẹsàn-án. Fáìlì inú rẹ̀ ò sì ju mẹ́tàlélógún lọ! Ó ti sú mi pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàtà ní ká yí bọ́tìnnì pupa tí wọ́n ń tẹ̀ lórí ìkànnì rẹ̀ sí àwọ̀ ewé. Ìlà kóòdù kan péré ni. Bí mo ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti ṣe é, Ọ̀gá ní, "Kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí n fi bí ètò ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣìnà, tó tún padà sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ọ́fíìsì ti yí i ká, à ń bá a kà á: "Méje! Mẹ́jọ! Mẹ́sàn-án!" Bí ìlà náà ṣe yọjú, a hó yèè bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ọ̀gá alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo gbà. Kó gbogbo fáìlì náà síta."

Kí tíì mi tó tutù, mo ti kó wọn jáde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo bá fódà kan. Mo ṣí i, mo tún bá fódà mìíràn. Inú ìyẹn ni gbogbo fáìlì mi wà.

"Ọ̀gá! Kí lẹ tún ṣe yìí?"

Ó ń wolẹ̀ bí ọmọ tó jí ẹran inú ìkòkò jẹ. "Má bínú. Àbí o fẹ́ kí wọ́n sùn síta ni?"